Àgbàlá Ìyá Aláró ní Ìtòkú: ibi tí ìbéèrè òpè ti ń rí èsì

Àdìrẹ pọ̀ ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀tún aṣọ, òsì aṣọ, olúkúlùkù ló ń pe oníbàárà: "Àǹtí, ẹ yà sọ́dọ̀ mi, ojúlówó rèé!" Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ayédèrú ni tòun. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Ìsàbọ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ra aṣọ láàrin wọn. Ibi tí mo wá fìdí kalẹ̀ sí báyìí ni àgbàlá ìyá kan tó ń pa aró lẹ́yìn ọjà. Ìyá Aláró ni gbogbo wa ń pè é. Aṣọ rẹ̀ dára, mo sì máa sọ bó ṣe dára tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ nìkan ló ń gbé mi lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọlọ́jà tí ẹ lè bi ní ìbéèrè tó gọ̀ jù lọ láyé, tí yóò rẹ́rìn-ín dénú, tí yóò sì dá yín lóhùn láìfi ohunkóhun pamọ́.

Ìbéèrè òpè ni mò ń wí o. Kì í ṣe "Èló ni jálẹ̀?" Èyí tó ń wà lọ́kàn wa tí a sì ń gbé mì ni mò ń sọ, nítorí a kò fẹ́ kí ọlọ́jà fi ojú aláìmọ̀kan wò wá. Àwa tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta gan-an la burú jù nínú rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tó dàgbà sídìí aró, báwo ni yóò ṣe jáde síta gbangba kó béèrè ohun tó ń sọ omi di búlúù? Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ náwó sórí àdìrẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ibẹ̀. Kò sí gíláàsì, kò sí pátákó ìpolówó. Ẹ ó gba ọ̀nà tóóró kan kọjá lẹ́yìn àwọn tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, kí ẹ sì máa wo gọ́tà. Ibi tí omi gọ́tà bá ti di búlúù, ẹ ti dé. Àwọn ìkòkò amọ̀ ńlá wà lábẹ́ páànù, inú wọn ni aró tí wọ́n fi ewé èlú ṣe wà. Apá kejì ni àwọn dúróòmù oníke wà fún aró òyìnbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Okùn ìsáṣọ na láti òpin àgbàlá dé òpin kejì, àfi kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Àdìrẹ oníko tí wọ́n fi ìko so wà, alábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán wà, ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ kùn wà, kàmpálà tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe sì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Lásìkò tí mò ń kọ èyí, kàmpálà yáàdì márùn-ún ń bẹ̀rẹ̀ láti ₦12,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi èlú pa wọ́n ju ìyẹn lọ dáadáa, ó sì tọ́ kó wọ́n, bí ẹ bá rí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ogún ọdún. Ẹnu ọmọ yìí kì í dákẹ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bi Ìyá Aláró ní nǹkan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un dání, ìyá ń fa aṣọ kan yọ nínú ìkòkò, aṣọ náà kò sì dúdú rárá. Àwọ̀ ewé tó ń pọ́n lọ ló gbé jáde. Kí n tó fà á létí, ó ti figbe ta: "Ìyá, aró yín ti bàjẹ́! Ewé ló dà!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń so ìko nítòsí fi aṣọ bojú rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá kò sọ pé kó panu mọ́. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí okùn, ó ní, "Dúró tì í. Má gbójú kúrò lára rẹ̀." A dúró. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ yí padà, ó ń pàwọ̀ dà wọ àárín díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ ewé ń sá, búlúù ń wọlé, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró lójú wa. Ọmọ iṣẹ́ mi la ẹnu sílẹ̀. Ìyá wá sọ gbólóhùn kan tí n kò gbọ́ rí láti kékeré mi: "Afẹ́fẹ́ ló ń pa á láró, omi kọ́."

Mo lọ wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo délé, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọ̀ búlúù inú ewé èlú kì í yòrò nínú omi. Bí ẹ bá dà á sínú omi lásán, yóò kàn máa léfòó ni, aṣọ kò ní gbà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń gún ewé èlú, tí wọ́n ń mọ ọ́n ní ìṣù, tí wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀ kó lè kan. Inú kíkan yẹn ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti ń tán nínú omi náà, tí àwọ̀ náà á fi yí padà, tí yóò fi lè yòrò, tí yóò sì wọ inú òwú lọ ní àwọ̀ ewé. Bí aṣọ bá ti jáde síta, ọ́síjìn padà dé bá a, àwọ̀ náà tún di búlúù, kò sì lè yòrò mọ́. Ó ti há sínú òwú nìyẹn. Fífọ̀ omi tútù kò ní gbà á jáde.

Ẹ wo ohun tí ìgbe ọmọ kan mú jáde! Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ó tún béèrè èyí tó gọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Ìyá, bí ẹ ṣe ń tì í bọ̀ ọ́ tí ẹ tún ń yọ ọ́ yìí, kí ló dé tí ẹ kò kúkú fi sílẹ̀ síbẹ̀ dilẹ̀, kí ẹ lọ jẹun?" Mo ti fẹ́ bẹ ìyá pé kó má bínú. Òun ti jókòó sórí àpótí, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ láti ṣàlàyé. Bí aṣọ bá pẹ́ títí nínú ìkòkò, ìwọ̀nba ni yóò gbà. Ohun tó ń mú kó dúdú ni kí ó wọlé, kó jáde, kó rí afẹ́fẹ́, kó tún wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ aró tó rẹwà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe sùúrù fún un lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni tó ń kánjú á rọ aró lé e lórí gbágbáágbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò dúdú lójú, ṣùgbọ́n òkè aṣọ ni yóò wà, itan ẹni tó bá wọ aṣọ náà jókòó ló máa pa láró.

Láti ọjọ́ yẹn ni èmi ti ń mú áńkáṣífù funfun dání lọ sọ́jà. Mo ń rẹ igun rẹ̀ sómi, mo ń fi í nu aṣọ tí mo bá fẹ́ rà. Bí áńkáṣífù bá di búlúù kíkún, mo ti mọ̀ pé ìkánjú ló wà níbẹ̀. Àdìrẹ tuntun lè ṣí díẹ̀ ní fífọ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn kò burú. Àmọ́ bí ó bá ń da aró sílẹ̀ bí ẹni ń da omi, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Iye owó tí mo ti fi áńkáṣífù yìí gbà lọ́wọ́ òfò kò kéré, ọmọ tó bi ìyá pé kó lọ jẹun ni mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè jíǹsì náà dùn mọ́ mi. Ọmọ yìí kan náà wo ìkòkò títí, ó ní, "Ìyá, ó jọ àwọ̀ jíǹsì mi o. Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á?" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ì bá wà ní Ìtòkú bí òun bá ń pa jíǹsì gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jìnnà sí òótọ́ rárá. Irú àwọ̀ kan náà ló wà lára jíǹsì àti lára ìró ìyá àgbà. Ní ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé irú aró yìí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe jáde sọ́jà, láti ìgbà náà ni kò ti di dandan kí ẹnikẹ́ni gún ewé mọ́. Ara òwú lóde ni ó máa ń dúró sí jù lára jíǹsì, òun ló ń jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ máa funfun bí a bá ti ń wọ̀ ọ́ pẹ́.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti láfún. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí láfún ò tó ilé rẹ̀. Láfún yìí náà ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ tí wọ́n ń kùn sára aṣọ ẹlẹ́kọ, kí aró má baà wọ ibi tí wọ́n kùn. Ìyá gbé ìkòkò ẹ̀kọ kalẹ̀, èéfín ń jáde lára rẹ̀, ó funfun, ó jọ̀lọ̀. Ebi sì ti ń pa wá lásìkò yẹn. Èmi ni mo béèrè tèmi báyìí, ó sì wá látọkàn mi: "Ìyá, ṣé bí ewédú bá wà, èèyàn ò lè jẹ èyí?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n sáré lọ ra ẹja. Ṣùgbọ́n ojú ìyá yí padà, ẹ̀rín kúrò níbẹ̀, ó ní kò sí ìbéèrè tó tó èyí nínú gbogbo ohun tí a ti ń béèrè. Wọ́n ti po álọ́ọ̀mù mọ́ ẹ̀kọ yẹn. Wọ́n tún po òkúta búlúù kan tí wọ́n ń tà lọ́jà mọ́ ọn, kí ẹ̀kọ má baà tètè bàjẹ́ kí kòkòrò má sì jẹ ẹ́. Májèlé ni òkúta yẹn bó bá wọ ikùn. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se ẹ̀kọ aṣọ kò gbọdọ̀ padà sí ibi ìdáná láéláé, ṣíbí rẹ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ padà, ọmọ kékeré kò sì gbọdọ̀ ṣeré débẹ̀. Ó ní òun kì í sọ èyí fún àwọn tó ń wá kọ́ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí òun rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Mo ti gbọ́ ọ létí mi. Bí ìbéèrè kan bá lè yọ ọmọ ọlọ́mọ nínú ewu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òmùgọ̀ ni ìbéèrè náà.

Ti ewúrẹ́ kò gba àkókò. Ẹnì kan béèrè pé bí ewúrẹ́ bá mu omi aró, ṣé ọmọ aláwọ̀ aró ni yóò bí. Ìyá ní ewúrẹ́ kì í dé ibẹ̀, òórùn ìkòkò tó ti kan ló ń lé e, àti pé omi eérú àti sódà, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò dípò eérú, ń bó ẹnu. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò kọ̀ọ̀kan fi ní ìdérí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ bá débẹ̀, gbogbo wọn ló ní ìdérí lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ sódà yìí gùn díẹ̀. Mo bi ìyá pé bí èlú bá dára tó báyìí, kí ni wọ́n ń fi sódà ṣe. Ó kọ́kọ́ fèsì bí oníṣòwò: omi eérú máa ń pẹ́, igi tí a ó sun wọ́n, ojú ọjọ́ sì lè dà á rú. Sódà yá, iṣẹ́ rẹ̀ kì í yí padà lónìí lọ́la. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ọmọ mi, ìbéèrè tó lé ọba wọ ìjà pẹ̀lú àwọn ìyá wa lo béèrè yẹn." Mo mọ̀ nípa rẹ̀ díẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì wà lórí oyè Aláké, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àdìrẹ Abẹ́òkúta kì í pẹ́ mọ́, ọjà sì dẹ̀. Wọ́n fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kọ̀, wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú aró ló mọ ohun tó ń ṣe aṣọ. Ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ni pé ẹ̀sùn nípa aṣọ tó ń ya kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Sódà tó bá pọ̀ jù máa ń jẹ òwú. Nítorí náà mo máa ń fa aṣọ wò kí n tó gé e, mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyá pé fífọ̀ mélòó ni wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́yìn aró. Kì í bínú, ó máa ń sọ fún mi.

Àwòrán ara aṣọ ńkọ́? Aṣọ àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í ṣe títà, ìyá tó bí i ló fi sílẹ̀ fún un. Ọba kan àti olorì rẹ̀ wà láàrin aṣọ náà, wọ́n dé adé, wọ́n jókòó. Ọmọ iṣẹ́ mi tún bẹ̀rẹ̀: "Ìyá, ṣé àwọn òbí yín nìyí?" Ìyá ní bó bá jẹ́ pé òbí òun ni, òun kò ní máa fa aṣọ nínú oòrùn. Ọlọ́ba ni wọ́n ń pe aṣọ yẹn. Ọba George Karùn-ún ti Ìlú Ọba àti olorì rẹ̀ Mary ni, nígbà tí ọba náà ṣe ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935. Ó fi hàn wá pé páànù tí wọ́n gé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn ọkùnrin ló ń gé páànù náà l'Abẹ́òkúta níbí, àwọn obìnrin á wá fi í kun ẹ̀kọ. Mo ti wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nígbà èwe mi láìbéèrè ẹni tó wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ló béèrè fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ibi tí owó yín wà. Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́ta ló ń béèrè rẹ̀: "Ìhà wo ni inú, ìhà wo ni òde?" Ẹ bi ọlọ́jà ní ìbéèrè yìí ní gbogbo ilé ìtajà ní Ìtòkú, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀. Kàmpálà gidi, àbẹ́là gbígbóná ti wọ inú rẹ̀ jálẹ̀ kí wọ́n tó pa á láró, nítorí náà ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ẹlẹ́kọ yàtọ̀. Ìhà kan ni wọ́n ń kun ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, àwòrán ibẹ̀ ò ní hàn dáadáa. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n kó wá sínú ọjà wa lórúkọ àdìrẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń ṣá, iwájú á dán gbinrin. Ẹ tún wo àwòrán rẹ̀. Bí òṣùbàmbá, àwòrán òṣùpá ńlá, mẹ́wàá bá wà lára aṣọ, tí ẹyọ kan kò tẹ̀ ju èkejì lọ, tí ẹ̀kán kan kò ta sí ibì kan, ọwọ́ èèyàn kọ́ ló ṣe é.

Ìyá Aláró ló kọ́ mi ní gbogbo èyí, ó sì kọ́ mi ní gbangba níbi tí àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń gbọ́. Ó mọ̀ pé a lè fi ìmọ̀ náà yẹ aṣọ tòun wò. Ó ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi náà ti bá ibi tí wọn kì í gba ìbéèrè pàdé. Ilé ìtajà kan wà lójú títì, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tó tutù, tó ní fáànù àti àga. Oníbàárà mi kan ló mú mi lọ síbẹ̀ láti ra aṣọ ẹbí. Mo bi ọmọ tó ń tajà pé ìhà wo ni inú. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, wọ́n jọ fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ìyá télọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ ó wá bi wá ní ìyẹn ni?" Ojú ti oníbàárà mi, ó sanwó kíá ká lè jáde. Mo rán aṣọ náà pẹ̀lú léèsì funfun lọ́rùn àti lápá. Ní ọjọ́ ìnáwó, ooru mú, òógùn dé, léèsì funfun di búlúù lọ́rùn obìnrin bíi mélòó kan. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀rín tí wọ́n fi dá ìbéèrè mi lóhùn ló ná àwọn obìnrin yẹn ní owó. Ọlọ́jà tó bá ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó má baà dáhùn, ó ní ohun tó ń sá fún.

Ẹ̀rín ti àgbàlá Ìyá Aláró yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tó béèrè á rẹ́rìn-ín, ìdáhùn á sì tẹ̀lé e. Ìyá máa ń sọ pé aṣọ funfun ní í sunkún aró, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ní í sunkún èkejì. Bí ẹnì kan bá ti béèrè ohun tó gọ̀, ẹlòmíràn tó ti ń bẹ̀rù á rí ọ̀nà béèrè tirẹ̀. Mo ti rí ọ̀gá ilé-ìwé kan níbẹ̀, ènìyàn ńlá, tó dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù láìsọ nǹkan kan. Ó gbọ́ ti ewúrẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé ṣé wọ́n máa ń da àbẹ́là tí wọ́n bó lára aṣọ nù ni. Ìbéèrè tó dára ni. Wọn kì í dà á nù. Inú omi híhó ni wọ́n ti ń bó o, àbẹ́là á léfòó, wọ́n á kó o, wọ́n á tún un lò. Ibi tí èmi náà ti mọ ohun tó ń lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù mi nìyẹn, tí mo ti ń bú iléeṣẹ́ áyọ́ọ̀nù láìnídìí: kàmpálà tí wọn kò bó dáadáa ni, láti ọwọ́ àwọn tí kò hó omi wọn tó. Ti ìyá kì í lẹ̀.

Àwọn ohun tí kò dára níbẹ̀ wà. Àga kò sí, àpótí ni, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò ní gbádùn rẹ̀. Òórùn ìkòkò lágbára ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Kò sí POS, ẹ mú owó dání tàbí kí ẹ fi fóònù san án. Lásìkò òjò, aṣọ kì í gbẹ, bó bá ní "ọjọ́ Jímọ̀", ẹ fọkàn sí ọjọ́ Ajé. Èyí tó tóbi jù ni pé kì í kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un sílẹ̀ sínú ìwé. Orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó ti gbé aṣọ ẹlòmíràn fún mi rí, a sì ní láti dá a padà. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ní òun á ra ìwé. Mo ń retí ìwé náà. Ẹni tó bá sì ní kí òun yára ra aṣọ kí òun máa lọ, ibẹ̀ kò bá a mu. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ìyá kì í fi èsì sáré.

Fún àwọn tó bá fẹ́ kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń gba èèyàn fún ọjọ́ kan, ẹ ó mú aṣọ kọ́tìn funfun yín wá, ẹ ó so ó, ẹ ó pa á, ẹ ó gbé e relé. Òun ni mo rò pé ó níye lórí jù nínú ohun tó ń ṣe. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ so ó bí ẹ ṣe fẹ́, kódà bó bá dá a lójú pé kò ní rí bí ẹ ṣe rò. Ọmọkùnrin kan bi í pé bí òun bá fi rọ́bà ìdírun dè é dípò ìko ńkọ́. Ó ní, "Dè é ká wò ó." Ó jáde, ó sì lẹ́wà, ìlà rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ìko lọ. Ìyá ti ń lo rọ́bà ìdírun fún aṣọ ọmọdé báyìí. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ra méjì lára rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú, kí ẹ lè bá ìkòkò ní ṣíṣí. Bàtà tí ẹ kò fẹ́ràn ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ aṣọ funfun. Ẹ mú áńkáṣífù dání, ìyá kò ní bínú bí ẹ bá fi í nu aṣọ rẹ̀. Bí ẹ bá délé, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, kí ẹ sì sá a sí ibòòji. Àwọn tó wà lókèèrè lè ránṣẹ́, ó máa ń fi aṣọ rán awakọ̀ láti gárájì Kútọ̀, ẹ ṣáà ní kó ka iye yáàdì rẹ̀ lójú yín lórí fóònù kó tó dì í.